Burnley: Ẹ̀rọ Ń Pariwo, Òwú Dákẹ́

Ọjọ́ tí èèyàn yà sọ́tọ̀ láti lọ wo ìlú kan dà bí ìwé. Ẹni tó ṣètò ìlú náà fún àlejò ti yan ohun tí a ó kọ́kọ́ rí, ó ti yan ibi tí a ó ti mu tíì, ó sì ti yan ohun tí kò ní sí lọ́kàn wa láti béèrè. Bí a ṣe máa ń yẹ ìwé àti fíìmù wò níbí, ẹ jẹ́ ká yẹ ìlú kan wò lónìí. Burnley ni orúkọ rẹ̀, ní Lancashire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ yín fi mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kọ́ la bá wá. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà ní Manchester, ibẹ̀ kò jìnnà sí yín rárá. Bíi máìlì 20 ni, láti 2015 sì ni ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ tààrà láti Manchester Victoria sí ibùdókọ̀ Burnley Manchester Road. Ẹ lè jáde láàárọ̀ kí ẹ sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Àìrìn jìnnà kọ́ ló fà á tí ọ̀pọ̀ wa kò fi tíì débẹ̀. Ohun tó fà á ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ìtàn ibẹ̀ kàn wá.

Ìdájọ́ wa rèé, ká má fi dúdú pe funfun. Burnley wà lára àwọn ibi tó dára jù lọ tí èèyàn ti lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí iṣẹ́ ilé ìhunṣọ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ìlú náà ń fi ẹ̀rọ sọ ti gé òwú lórí méjèèjì. Ibi tí òwú ti wá kò hàn tó, ibi tí aṣọ gbà lọ náà kò hàn tó. Àwa Yorùbá sì wà ní ìdí òwú yẹn, lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú náà fúnra rẹ̀ ná. Kí ló sọ Burnley di ìlú aṣọ? Omi, èédú àti ojú ọjọ́ ni. Ibẹ̀ tutù, ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, òwú kì í sì í tètè já nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èédú wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Odò àfọwọ́gbẹ́ tó so Leeds mọ́ Liverpool, tí wọ́n parí gbogbo rẹ̀ ní 1816, gba inú ìlú kọjá, òun ni ẹrù ń gbà wọlé, òun ni ẹrù ń gbà jáde. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1911, òfì ẹlẹ́rọ tó wà nílùú náà ti tó nǹkan bí 100,000, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 100,000 ni. Ẹ ro ìyẹn wò ná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́.

Ìrìn tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rìn ni ti etí odò àfọwọ́gbẹ́ yẹn, ní apá tí wọ́n ń pè ní Straight Mile. Nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ odò dé àfonífojì Burnley, wọn kò jẹ́ kí omi sọ̀kalẹ̀ kó tún máa gun òkè. Ńṣe ni wọ́n kó ilẹ̀ jọ gegere, wọ́n sì gbé odò gba orí rẹ̀, ní bí ẹsẹ̀ bàtà 60 sókè. Títí dòní, èèyàn á máa rìn létí omi, á sì máa wo òrùlé ilé àwọn èèyàn nísàlẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí géètì, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wù wá gan-an, torí pé kò sẹ́ni tó ń wàásù fúnni níbẹ̀. Ojú ara ẹni ló máa sọ fúnni pé àwọn kan ṣiṣẹ́ níbí.

Ẹ bá etí omi yẹn lọ, ẹ ó dé àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Weavers' Triangle, níbi tí àwọn ilé ìhunṣọ àtijọ́ to tìdí tìdí. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Kì í ṣe orúkọ àtijọ́. Àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́, nígbà tí iṣẹ́ aṣọ ti ń kú lọ. Ìgbà tí ahunṣọ ń tán nílẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ ahunṣọ sọ àdúgbò. A kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó ló ń bójú tó ilé kékeré tí wọ́n ti ń ṣàlàyé fún àlejò létí omi níbẹ̀, irú wọn sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ̀ pé orúkọ tó dà bí ogún baba lè jẹ́ ohun tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nígbà tí baba ń jáde lọ.

Ọkàn ìrìn àjò yìí ṣì wà níwájú. Ní Harle Syke, abúlé kan lórí òkè lẹ́yìn Burnley, ni Queen Street Mill wà. Wọ́n kọ́ ọ ní 1894 sí 1895. Kì í ṣe olówó kan ṣoṣo ló ni ín nígbà yẹn, àwọn ará àdúgbò ló dá owó jọ, tí wọ́n ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 500, ló ń yí gbogbo òfì inú rẹ̀. Prudence ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì náà tẹ́lẹ̀, ìyẹn Olóye tí kì í fi nǹkan ṣòfò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Peace, Àlàáfíà. Ilé iṣẹ́ náà dákẹ́ ní 1982, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfì tó lé ní 300 ṣì wà nínú gbọ̀ngàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, díẹ̀ nínú òfì yẹn ni wọ́n máa ń so mọ́ bẹ́líìtì awọ, díẹ̀ yẹn ti tó láti jẹ́ kéèyàn fọwọ́ dí etí. Igi róbótó tó ń gbé òwú sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, tí àwọn ahunṣọ wa ní Ìṣẹ́yìn ń pè ní ọkọ̀, kì í rọra kọjá bíi ti ọwọ́ èèyàn. Ẹ̀rọ ló ń gbá a, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni pé inú ń bí i. Ẹ wá fojú inú wò ó nígbà tí gbogbo òfì inú gbọ̀ngàn bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, lójoojúmọ́, fún ogójì ọdún. Ọ̀pọ̀ ahunṣọ Lancashire di adití nídìí iṣẹ́ yìí.

Níbi tí ohùn kò ti wúlò mọ́, wọ́n dá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n ń la ẹnu gbàgà, wọ́n ń fi ètè àti ojú pe ọ̀rọ̀ láìfi ohùn sí i, ẹnìkejì á sì kà á lẹ́nu wọn láti ọ̀ọ́kán. Mee-maw ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ yẹn, àwọn obìnrin ló sì mọ̀ ọ́n sọ jù, torí àwọn ló pọ̀ nídìí òfì. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní Harle Syke, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ohun mìíràn tó wà níbẹ̀ kò dùn-ún gbọ́. Láti fi òwú sínú ihò ọkọ̀ òfì, ahunṣọ á gbé ẹnu lé ihò náà, á sì fi èémí fa òwú jáde. Ẹnu ẹlòmíràn á tún kan ibẹ̀, àìsàn á máa ti ẹnu bọ́ sí ẹnu, eyín á máa bàjẹ́. Kissing the shuttle ni wọ́n ń pe àṣà yìí, bí ẹni pé ìfẹnukonu ni. Ọdún 1952 kí òfin tó kà á léèwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọdé: títí di ìgbà tí òfin 1918 fi òpin sí i, ọmọ ọdún 12 lè lo ààbọ̀ ọjọ́ nídìí iṣẹ́ kó sì lo ààbọ̀ yòókù nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn ní kíláàsì, ẹ ò rí nǹkan kan.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ àti ara ẹni tó ṣe é, nígbà náà, a gbóríyìn fún ibẹ̀ gidi gan-an. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé púpọ̀ máa ń gbé òfì sẹ́yìn gíláàsì, wọ́n á sì kọ ìwé sí ara ògiri. Ibí yìí ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Kódà àwọn tó ń ya fíìmù mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ya apá kan The King's Speech níbẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ariwo yẹn lágbára débi pé ó bo ìbéèrè mọ́lẹ̀. Bí èèyàn bá jáde síta, ẹ́ńjìnnì ló máa wà lórí rẹ̀. Kò ní rántí béèrè pé òwú tí wọ́n ń hun, igi wo ló so ó? Owú kì í hù ní Lancashire, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù jù fún un.

Ìdí kan wà tí ìbéèrè yìí fi ń bọ́ sọnù, kì í sì í ṣe ìwà ìkà. Iṣẹ́ pín ní Lancashire. Àwọn ìlú apá gúúsù ló ń ran òwú jù, àwọn ìlú apá àríwá bíi Burnley ló ń hun ún jù. Òwú tó ti di fọ́nrán ló ń dé Queen Street. Ahunṣọ ibẹ̀ kì í rí kóró òwú, kì í rí oko. Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá wá ṣe bí ilé iṣẹ́ ti ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ibi fọ́nrán, ó ti jogún àìmọ̀ kan tí òwò dá sílẹ̀ nìyẹn. Olùṣètò ìtàn sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ lọ.

Ṣáájú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òwú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò tó ń ti gúúsù Amẹ́ríkà wá, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ló sì ń já a. Láti 1861 dé 1865, ogun dí ọ̀nà, òwú wọ́n, ebi sì pa Lancashire. Síbẹ̀, ní ìparí 1862, àwọn òṣìṣẹ́ péjọ ní Manchester, wọ́n kọ̀wé sí Abraham Lincoln pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òmìnira ẹrú, Lincoln sì dá wọn lóhùn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1863. Òótọ́ ni pé Queen Street kò tíì sí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìlú Burnley ti wà, owó òwú ló sì tò ó.

Ìhà tiwa ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò òwú kan ní Manchester, bá àwọn míṣọ́nnárì CMS lọ́wọ́ sí i kí àwọn Ẹ̀gbá lè máa gbin òwú fún títà ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró lára òwú ránṣẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Lancashire dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní 1902, ẹgbẹ́ náà sì wá òwú dé Ìbàdàn. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ebi òwú tó ń pa irú ìlú bíi Burnley ló rán wọn wá sí oko wa.

Orí kejì òwú ni ẹni tó wọ aṣọ. Ní 1913, aṣọ òwú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tà sí òkè òkun tó nǹkan bí bílíọ̀nù 7 yáàdì, Íńdíà ló sì ń rà jù. Burnley gbajúmọ̀ fún aṣọ pẹlẹbẹ tí kò ní àwọ̀, tí àwọn mìíràn máa tẹ àwọ̀ sí. Nígbà tí Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í hun tirẹ̀, tó sì kọ ti òyìnbó sílẹ̀, Lancashire wó lulẹ̀. Gandhi fúnra rẹ̀ wá sí Darwen, tí kò jìnnà sí Burnley, ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1931 láti rí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ahunṣọ Burnley ń bá ọ̀gá wọn jà, torí ọ̀gá fẹ́ kí ẹnì kan máa tọ́jú òfì mẹ́jọ dípò mẹ́rin. Ìjà méjèèjì so mọ́ ara wọn. Ọjà tó bọ́ ní Íńdíà ni ọ̀gá fẹ́ fi ẹ̀yìn ahunṣọ gbé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, aṣọ funfun tí ẹ̀rọ Lancashire hun wọ ọjà wa dáadáa. Ojú rẹ̀ dán ju ti kíjìpá lọ, kò sì wúwo, ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn ìyá wa aláró ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn mú un, wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sí i, wọ́n rì í sínú aró, ó di adìrẹ ẹlẹ́kọ. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn aláró wa gbé àwòrán òun àti ayaba rẹ̀ sórí adìrẹ, wọ́n pe àrà náà ní Olóbà. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí po? Aṣọ òyìnbó ni, ojú òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀, tiwa ni. A kò sọ pé Burnley gan-an ló hun aṣọ tí ìyá ẹnikẹ́ni rẹ. Ohun tí a ń sọ ni pé aṣọ Lancashire kò parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Lancashire. Ẹni tó bá dúró ní ibi òfì kò tíì rí ìdajì.

A mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: ẹ̀yin yìí ti pọ̀ jù, ọjọ́ ìgbádùn ni o, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ áísíkirimù wọn jàre. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́ nípa ìfẹnukonu ọkọ̀ òfì tí kò sunkún, ó lè gbọ́ ibi tí òwú ti wá. Pé ó ṣeé ṣe kì í sì í ṣe àròsọ. Ní Padiham, lẹ́bàá Burnley, ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Gawthorpe Hall, níbi tí àkójọ aṣọ tí Rachel Kay-Shuttleworth fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ wà, ó lé ní 30,000 ẹyọ. Ní 2021, nígbà àjọ̀dún British Textile Biennial, Lubaina Himid, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Zanzibar tó sì ń gbé ní Preston, gbé 400 mítà aṣọ àǹkárá wọ inú abà ńlá ilé yẹn, ó ta á káàkiri bí odò. Àwọn èèyàn wá, wọ́n wò ó, ìgbádùn wọn kò bàjẹ́. Yinka Shonibare tiwa náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lo àǹkárá láti sọ irú ìtàn yìí. Ohun tó ń dùn wá ni pé irú iṣẹ́ Himid máa ń wá, á sì lọ. Ẹ́ńjìnnì ló ń dúró.

Ẹ fi wé ibi méjì mìíràn tí wọ́n máa ní kí ẹ lọ. Towneley Hall ni àkọ́kọ́, ilé ìdílé Towneley fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, kí ìjọba ìlú tó rà á ní 1901. Ó rẹwà, pápá rẹ̀ gbòòrò, ó sì dára fún ẹbí. Kíkà rẹ̀ rọrùn: ilé olówó tó di ti gbogbo ayé. Ìkejì ni Singing Ringing Tree, lórí òkè Crown Point, páìpù irin tí Tonkin Liu tò bí igi tí atẹ́gùn tẹ̀, láti 2006. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á máa kọrin. Fọ́tò ibẹ̀ máa ń dùn lórí Instagram, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Queen Street, orin yẹn máa ń dà bí ohùn tí kò ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ohùn òfì ná àwọn kan ní etí wọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ wá lógún rèé. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2016, ìjọba agbègbè Lancashire ti Queen Street pa nítorí owó. Ọdún 2018 ni wọ́n tó tún un ṣí, kì í sì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń ṣí, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n bá kọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Òfì kì í ṣe àwòrán tí èèyàn lè kó sí àjà. Bí kò bá yí, ó ń dípẹtà, ẹni tó mọ̀ ọ́n yí sì ń darúgbó. Bí wọ́n bá tún tì í, ariwo yẹn á di fídíò. Tí wọ́n bá béèrè lọ́jọ́ yẹn pé ta ni ọ̀rọ̀ kàn, ìtàn tí ìlú ti sọ ló máa dáhùn. Tó bá jẹ́ ìtàn Burnley nìkan ni, Burnley nìkan ló máa bá a sunkún. Tó bá jẹ́ ìtàn Mississippi, Bombay àti Abẹ́òkúta pẹ̀lú, alágbàwí rẹ̀ á pọ̀.

Ohun tí a ń bèèrè kò wọ́n. Kí wọ́n gbé ẹ̀ka òwú kan tó ní kóró nínú sí ẹnu ọ̀nà, kí ọmọ fọwọ́ kàn án kó tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n gbé adìrẹ ẹlẹ́kọ kan sí ibi tí aṣọ ti ń jáde. Nǹkan méjì péré, òwú á ní orí, á ní ìdí.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ wa náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ rin Straight Mile, kí ẹ lọ sí Harle Syke nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí, kí ẹ fi Gawthorpe parí rẹ̀. Ẹ wọ adìrẹ lọ, torí aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn. Bí màmá tó ń tọ́jú òfì bá béèrè ibi tí ẹ ti rí aṣọ yín, ẹ dúró kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì fara balẹ̀ dá wọn lóhùn.